Ibi Tí Ọwọ́ Ará Ìlú Ti Lè Tẹ Òfin Kí Wọ́n Tó Buwọ́ Lù Ú

Télọ̀ ni mí. Àrùn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ mú mi ní kékeré, láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ òsì mi kò ti gbéra dáadáa, ọ̀pá ni mo fi ń rìn. Mo tètè sọ èyí kí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ mi lè mọ̀ pé n kì í ṣe lọ́yà, n kì í ṣe olóṣèlú, n kò sì mọ ẹnikẹ́ni nílé ìjọba nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akàndá ẹ̀dá ní ìjọba ìbílẹ̀ wa ni mí, iṣẹ́ mi kò sì ju kí n máa kọ orúkọ ẹni tó ti san owó oṣù àti ẹni tó ṣì jẹ gbèsè. Síbẹ̀, àwọn gbólóhùn kan wà nínú òfin ìpínlẹ̀ wa lónìí tó jẹ́ pé orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ni a ti kọ wọ́n. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní ẹ̀dùn ọkàn gidi ń pariwo níbi tí ariwo kò ti lè tu irun kan, tí wọ́n sì ń dákẹ́ níbi tí gbólóhùn kan ṣoṣo ti lè yí nǹkan padà.

Orí rédíò ni a ti gbọ́ pé àbádòfin kan lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá ti kọjá kíkà kejì nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa. Inú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dùn, wọ́n ń kí ara wọn kú oríire. Alága wa, bàbá àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́tipẹ́, ni kò bá wọn yọ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, ta ló ti ka ohun tó wà nínú rẹ̀ nínú yín?" Kò sẹ́ni tó kà á.

Bàbá yìí ti ṣe tíṣà rí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ bí àbádòfin ṣe ń rìn. Nígbà kíkà àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ lásán ni wọ́n máa ń pè sétí ilé. Nígbà kíkà kejì, wọ́n á jiyàn bóyá àbá náà dára tàbí kò dára, láìtíì tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó kan nínú ilé, ìgbìmọ̀ yẹn á sì pe ará ìlú wá sí ìjókòó ìta gbangba kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Ìgbìmọ̀ á kọ àbọ̀, ilé á gbé abala kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò, wọ́n á kà á nígbà kẹta, ó sì di ti gómìnà, tó ní ọjọ́ 30 láti buwọ́ lù ú tàbí kó kọ̀. Tí ó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé lè sọ ọ́ dòfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀. Lẹ́yìn kíkà kẹta, kò sí ohun tí èmi àti ìwọ lè fi kún un mọ́. Àárín kíkà kejì sí ìkẹta ni àyè wà fún wa, àyè yẹn kì í sì í pẹ́ kó tó dí.

Ẹ̀dà àbádòfin náà kò rọrùn láti rí. Wọ́n ní ká lọ sí ọ́fíìsì kan, àwọn ìyẹn ní ká lọ sí òmíràn, ẹni tó wà ní òmíràn ní kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ òun. Alága ló ní ká kọ lẹ́tà, ká sì dárúkọ òfin FOI nínú rẹ̀. Òfin yẹn sọ pé ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kò pọn dandan kó sọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn láàárín ọjọ́ 7. Nígbà yẹn, àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣì ń jiyàn pé òfin náà kò kan àwọn. Ọdún 2025 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó sọ pé ó kàn wọ́n. Àmọ́ lẹ́tà wa tó láti fi yé wọn pé a kì í ṣe ẹni tí wọ́n kàn lè sọ fún pé kó lọ kó bọ̀. Wọ́n fún wa ní ẹ̀dà kan, a san owó fọ́tòkọ́pì.

Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ ibi tí òfin FOI yìí gan-an ti wá. Ọdún 1993, lábẹ́ ìjọba ológun, ni àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ Media Rights Agenda àti Civil Liberties Organisation pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn NUJ bẹ̀rẹ̀ sí í polongo rẹ̀. Nígbà tí ìjọba alágbádá dé ní 1999, wọ́n gbé e lọ sílé aṣòfin. Ilé aṣòfin fọwọ́ sí i, Ààrẹ Ọbásanjọ́ kò buwọ́ lù ú ní 2007, ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni Ààrẹ Jonathan tó buwọ́ lù ú. Ọdún 18 gbáko! Àwọn kan nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti dàgbà lẹ́nu rẹ̀. Ìgbàkígbà tí ó bá rẹ̀ mí, àwọn ni mo máa ń rántí.

A pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ìrọ̀lẹ́ láti ka ìwé náà. Mò ń kà á ní gẹ̀ẹ́sì, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ọmọbìnrin kan tó gbọ́ èdè àwọn adití ń fi ọwọ́ sọ ọ́ fún àwọn tí kò gbọ́ràn. Iṣẹ́ náà ń falẹ̀. Abala kan lè gba wa ní ìrọ̀lẹ́ kan odindi. Alága kò lè rí i kà, àmọ́ ó ń há a sórí bí a ti ń lọ, tí a bá dé abala kẹtàdínlógún, á ní, "Ẹ dúró ná, èyí kò bá ohun tí ẹ kà ní abala kẹfà mu." A á padà síbẹ̀, a á sì rí i pé òótọ́ ni.

Bí a ṣe ń kà á ni a ń rí i pé ìwé náà dùn létí ju bó ṣe wúlò lọ. Abala 11 rẹ̀ ní kí gbogbo ilé ìjọba ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà gòkè, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é tán. Wọ́n kàn ní nígbà tí àyè bá gbà. Ó dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa mójú tó ọ̀rọ̀ wa, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba ló kún inú ìgbìmọ̀ àjọ náà, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwa tí nǹkan kàn. Ó sọ̀rọ̀ nípa ilé ìwòsàn, kò sì sọ ohunkóhun nípa ẹni tí yóò máa bá adití sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ibi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó ga jù ni ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kì í ṣe ọmọ ilé. Àwọn ọnọrébù ń wá, wọ́n ń lọ, òun wà níbẹ̀. A gbé ìwé tí a kọ lọ bá a, ìwé gígùn tó kún fún ìyà tó ń jẹ wá. Ó kà á tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yín dùn mí dé egungun. Àmọ́ kí ni kí n fi ṣe? Tí àwọn ọ̀gá bá fẹ́ ṣàtúnṣe sí abala 11, kí ni kí n kọ síbẹ̀? Ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ kó wà nínú òfin wá fún mi." Ó fa bébà kan yọ, ó fi rúlà pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: nọ́ńbà abala, ohun tó wà níbẹ̀, ohun tí a fẹ́ kó wà níbẹ̀, ìdí rẹ̀. Ìdí kò gbọdọ̀ ju ìlà mẹ́ta lọ.

Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ kí òfin kan yípadà, ìbéèrè yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í. Àwọn tó ń ṣòfin kì í sábà jókòó láti wá ọ̀rọ̀ tó bá ìṣòro rẹ mu. Ẹni tó bá gbé gbólóhùn tó ti jiná tán síwájú wọn ni wọ́n máa ń lo tirẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá mọ èyí tipẹ́, lọ́yà wọn ni wọ́n ń rán wá. Àwa tálákà náà lè ṣe é, ohun tó gbà kò ju bébà àti sùúrù lọ.

Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa lórí ohun tí a máa béèrè. Ẹnì kan fẹ́ owó oṣù fún gbogbo akàndá ẹ̀dá, ẹnì kan fẹ́ ilé, ẹnì kan fẹ́ kí wọ́n máa gbé wa lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọkọ̀. N kò lè sọ pé ìkankan nínú rẹ̀ kò tọ́. Alága gbọ́ gbogbo wa tán, ó ní, "Tí a bá béèrè ohun mẹ́wàá, èyí tó rọrùn jù fún wọn ni wọ́n máa fún wa, wọ́n á sì ní àwọn ti gbọ́ tiwa." Mẹ́ta péré ni a mú: gbèdéke ọjọ́ tí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ ti wà ní gbogbo ilé ìjọba, àwa fúnra wa nínú ìgbìmọ̀ àjọ náà, àti ògbufọ̀ èdè adití ní ilé ìwòsàn ìjọba. Àwọn méjì bínú kúrò nínú ẹgbẹ́. Ọ̀kan ti padà wá.

Ọjọ́ ìjókòó ìta gbangba pé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbọ̀ngàn tí wọ́n fi sí wà, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pọn àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa sẹ́yìn, àwọn mìíràn gbé kẹ̀kẹ́ arọ tẹ̀ lé wọn. Obìnrin kan, ẹni iyì, ìyàwó ilé àti ìyá ọmọ, kọ̀ kí wọ́n pọn òun; ó fi ọwọ́ àti ìdí gun àtẹ̀gùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, aṣọ àdìrẹ rẹ̀ tó wọ̀ nítorí ọjọ́ náà ń gbá ilẹ̀. Ọnọrébù tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó bá wa lórí àtẹ̀gùn. Ó dúró. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pàṣẹ pé kí gbogbo ìjókòó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kó àga wá sí gbọ̀ngàn ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ wa. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní pé ó di kí obìnrin yẹn fi ìdí gun àtẹ̀gùn kí ẹnikẹ́ni tó rí ohun tí abala 11 wà fún.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, àwọn aṣojú iléeṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi ka ìwé wa lábala-lábala, mo fi ìṣẹ́jú tó ṣẹ́kù sílẹ̀ fún obìnrin adití kan nínú wa. Ó fi ọwọ́ sọ ọ́, ọmọbìnrin wa ń túmọ̀. Ó ní nígbà tí òun fẹ́ bímọ, àwọn nọ́ọ̀sì ń yà ẹnu sí òun, wọ́n ń nàka, wọ́n sì gbé òun wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n òun dé láti ìrìn-àjò lòun tó mọ̀ pé wọ́n gé ikùn òun gbé ọmọ jáde, pé kì í ṣe pé òun ń kú lọ. Gbogbo gbọ̀ngàn parọ́rọ́. Ọmọ ilé kan béèrè ìbéèrè tí a ti ń retí: owó dà? A ti múra sílẹ̀ fún un. A ní a kò sọ pé kí ògbufọ̀ wà ní gbogbo ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan; a ní kí ó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ìjọba, kí àwọn kéékèèké sì máa pè wọ́n lórí fóònù tó ń fi àwòrán hàn. A tún gbé òfin Èkó ti ọdún 2011 àti ti ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, kalẹ̀ fún wọn. Aṣòfin kì í fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa dán nǹkan wò. Tí ó bá rí i pé ibòmíràn ti ṣe é, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Nígbà tí àbọ̀ ìgbìmọ̀ jáde, a rí gbólóhùn wa nínú rẹ̀. Ti ilé ìwòsàn wọlé bí a ṣe kọ ọ́. Lórí ilé ìjọba, ọdún 3 ni a béèrè, ọdún 5 ni wọ́n fún wa, bíi ti òfin ìjọba àpapọ̀. Lórí àjọ, wọ́n sọ wá di mẹ́ta dípò ẹnì kan. A fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a kò rí i.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lọ. Èyí ni àwọn èèyàn kì í mọ̀: àbọ̀ lè wà nínú fáìlì títí ọdún mẹ́rin àwọn ọmọ ilé á fi pé, tí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, àbádòfin náà kú nìyẹn. Ẹni tó bá tún fẹ́ ẹ, kó bẹ̀rẹ̀ láti kíkà àkọ́kọ́ nínú ilé tuntun. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí ọmọ 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ, ìdá kan nínú mẹ́ta wọn sì tó láti jókòó ṣe ìpàdé. Èèyàn tó níye ni wọ́n. Wọ́n ní àdúgbò, wọ́n ní ìyá, wọ́n ní ilé ìjọsìn. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan gba ọnọrébù ẹkùn tirẹ̀, ohun kan ṣoṣo la sì ń béèrè lọ́wọ́ wọn: ọjọ́ wo ni ilé máa gbé àbọ̀ náà yẹ̀ wò? Ìyálọ́jà tó ń gbé aṣọ wá rán lọ́dọ̀ mi bá wa dá sí i. Ó pe ọnọrébù rẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mi tó wà lọ́dọ̀ yín ńkọ́?" Ẹnì kan wá bá wa pé tí a bá dá owó jọ, òun á bá wa sáré rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a kò san kọ́bọ̀. Wọ́n kà á nígbà kẹta kí sáà wọn tó parí, gómìnà sì buwọ́ lù ú.

Láàárín àkókò tí à ń lé ọ̀rọ̀ tiwa kiri yìí ni ti òfin ìdìbò ṣẹlẹ̀ ní Abuja, mo sì tẹ̀ lé e lójoojúmọ́. Ní oṣù keje ọdún 2021, àwọn sẹ́nétọ̀ 52 dìbò pé kí àjọ elétò ìdìbò INEC má lè fi ẹ̀rọ ayélujára gbé èsì ìdìbò ránṣẹ́ láìjẹ́ pé NCC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù àti ìbánisọ̀rọ̀, àti ilé aṣòfin fọwọ́ sí i; àwọn 28 kò gbà. Nítorí pé wọ́n pe orúkọ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó dìbò, ará ìlú mọ ẹni tó sọ kí ni, orúkọ náà sì tàn kálẹ̀ lórí fóònù àwọn èèyàn. Àwọn èèyàn ń bi sẹ́nétọ̀ tiwọn léèrè ní gbangba. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ilé kan náà yí ohùn padà, wọ́n fi í sílẹ̀ fún INEC láti pinnu. Òfin yẹn ni Ààrẹ buwọ́ lù ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 2022. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ pé kí wọ́n mọ bí ọmọ ilé tiwọn ṣe dìbò, kì í ṣe bí ilé ṣe dìbò lápapọ̀. Ilé kò ní ẹkùn tó máa padà wá bẹ̀ fún ìbò. Ọmọ ilé ló ní.

Ti àwọn ọ̀dọ́ náà kò jìnnà sí èyí. Láti dín ọjọ́ orí àwọn tó lè du ipò kù, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni wọ́n ní láti tún ṣe, ìyẹn sì gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ní ilé méjèèjì ní Abuja àti ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán, nínú 36. Àwọn tó ń polongo Not Too Young To Run kò jókòó sí Abuja nìkan, wọ́n tẹ̀ lé e dé àwọn ìpínlẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2018, ti ààrẹ ti kúrò ní 40 sí 35, ti aṣojú-ṣòfin àti ti ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kúrò ní 30 sí 25. Ti sẹ́nétọ̀ àti gómìnà kò yí, ó ṣì wà ní 35. Àwọn kan bú wọn pé wọ́n gba ààbọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ń bú wọn kò tíì gbìyànjú kí ilé 24 fi ohùn kan sọ ohun kan rí.

Ará ìlú tún lè dá òfin tí kò dára dúró. Àbádòfin kan wá sílé aṣòfin àgbà ní ìparí 2015 tó fẹ́ fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá kọ ìwé ẹ̀sùn láìbúra sí i, tó sì fẹ́ mú àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ẹ̀rọ ayélujára mọ́ ọn. Ariwo ará ìlú pọ̀, ní 2016 wọ́n yọ ọ́ kúrò nílẹ̀. Níbẹ̀, ariwo ṣiṣẹ́, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju kí wọ́n ju ìwé náà nù. Tí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ tún un kọ ni, ariwo nìkan ì bá má tó.

Tiwa kò parí lọ́jọ́ tí gómìnà buwọ́ lu ìwé. Ọdún 5 tí òfin ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ilé gbogboogbò pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, mo sì ṣì ń rí báńkì àti ọ́fíìsì ìjọba tí n kò lè wọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan fà mí lápá. Òfin tiwa ní kí ògbufọ̀ wà, àmọ́ ọdún kan kọjá kí a tó mọ̀ pé kò sí kọ́bọ̀ fún un nínú ìṣúná. Ìṣúná gan-an, òfin ni. Ọdọọdún ni gómìnà ń gbé e wá síwájú ilé ìgbìmọ̀, tí wọ́n ń gbé e fún àwọn ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, tí wọ́n sì ń kà á nígbà kẹta bíi gbogbo òfin yòókù. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń wá síbi ìjókòó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu èyí tó máa ṣiṣẹ́ nínú gbogbo òfin tí a ti ṣe.

Èyí ni a gbájú mọ́ báyìí. A ti gba ẹ̀dà ìṣúná tó kọjá, a ti wá ìlà tí owó àjọ akàndá ẹ̀dá wà, a sì ti kọ tiwa sórí bébà tí wọ́n pín sí mẹ́rin: nọ́ńbà ìlà, iye tó wà níbẹ̀, iye tí a fẹ́ fún àwọn ògbufọ̀ ilé ìwòsàn, ìdí rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìṣúná kò tíì mọ̀ wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti alága máa lọ kí i.